Ìdánwò "Supervision" fún iṣẹ́ ìjọba ní New York: ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu rẹ

Àbúrò mi, o ní ó ti pẹ́ tí o ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún ìjọba ìpínlẹ̀ New York, o fẹ́ ṣe ìdánwò ìgbéga, o wá rí "Supervision" (ẹ̀ka ìbéèrè lórí bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́) nínú ìwé ìkéde ìdánwò náà, o sì ń béèrè ohun tí wàá kà. Mo ti ṣe é, mo sì ti ń darí èèyàn látìgbà náà. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Kọ́kọ́ padà sí ìwé ìkéde yẹn. Gbogbo ẹ̀ka tí ìbéèrè máa ti wá ló wà níbẹ̀. Department of Civil Service ní Albany, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò yìí, tún máa ń gbé ìwé ìtọ́sọ́nà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ àpẹẹrẹ ìbéèrè pé kí o mú ọ̀kan; wọ́n á ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn kan fi tọ̀nà, wọ́n á sì sọ ohun tó bá mẹ́ta yòókù jẹ́. Àlàyé lórí mẹ́ta tí kò tọ̀nà yẹn gan-an ni kí o kà ní àkàtúnkà. Ìwé olówó gọbọi pọ̀ lọ́jà, àmọ́ ìwé ọ̀fẹ́ yìí ló là mí lójú.

Kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń gbé àwọn èèyàn wa ṣubú níbẹ̀. Wọ́n mọ iṣẹ́ dunjú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì tiwọn ni wọ́n fi ń dáhùn, tàbí bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀ nílé. Ìlànà ni ìdánwò náà ń wá.

Ká ní wọ́n sọ pé òṣìṣẹ́ kan tó máa ń parí iṣẹ́ lásìkò ti ń pẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni kí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe? A: kó kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀. B: kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. C: kó pè é sí kọ̀rọ̀, kó bi í ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀. D: kó rán gbogbo ọ́fíìsì létí ní ìpàdé pé kí wọ́n má ṣe máa pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa mú D, torí ó jọ ọgbọ́n àgbà: o ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tọ́rọ̀ kàn á sì gbọ́. Nínú ìdánwò yìí, ọ̀gá tó ń pòwe fún gbogbo ọ́fíìsì nítorí ẹnì kan ti sá fún iṣẹ́ rẹ̀. Ti A lè wáyé tó bá yá, àmọ́ "kọ́kọ́" ni wọ́n béèrè. C ni. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Tẹnu òṣìṣẹ́ náà lo gbọ́dọ̀ gbọ́ ná. Má sì fi ìtàn kún ìtàn o. Bí ìbéèrè kò bá pè é ní ọ̀lẹ, má pè é bẹ́ẹ̀.

Òmíràn: o gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan, ó bà á jẹ́, ọ̀gá tìrẹ wá béèrè. O lè fún un ní iṣẹ́, kí o fún un ní àṣẹ tí yóò fi ṣe é, síbẹ̀ ọrùn rẹ ni ẹrù náà wà. Ìdáhùn tó bá ní kí o nàka sí òṣìṣẹ́ rẹ, fò ó.

Ti òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ tó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára ọmọ Yorùbá. Fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà fún ọ̀dọ́ náà ló wà fún un.

70 ni máàkì àṣeyege, àmọ́ má fi 70 ṣe àfojúsùn rárá. Bí máàkì bá ṣe ga tó ni wọ́n ń to orúkọ, àárín àwọn tó wà lókè tó ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà sì ni iléeṣẹ́ ti ń mú èèyàn. Nínú ìdánwò ìgbéga, ọdún tí o ti lò lẹ́nu iṣẹ́ máa ń fi máàkì kún tìrẹ. Orúkọ lè wà lórí àkójọ náà fún ọdún 1 sí 4.

Kọ àwọn ẹ̀ka yòókù tó wà nínú ìkéde tìrẹ ránṣẹ́, pàápàá bí "Preparing Written Material" (ìbéèrè lórí bí a ṣe ń kọ̀wé tó yéni) bá wà níbẹ̀, ká mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.