Igi méjì fún ìbejì: bí ọmọ tó ń dàgbà ní Leeds ṣe lè mọ àsìkò Ìlọrin

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ Ìlọrin ni mí, agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà Ọba, Leeds sì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí. Olùkọ́ àwọn ìbejì wa ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tó bá rí lọ́nà ilé ìwé tó fi hàn pé àsìkò ń yí padà. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n máa ń rí ní ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Mo ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa. Táyé ní, "Méjì péré?" Kẹ́hìndé ní ṣé ààwẹ̀ kì í ṣe àsìkò ni. Tẹ́lẹ̀, ní oṣù kìíní, ìyá mi sọ lórí fóònù pé òtútù ọyẹ́ ń pa àwọn, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n ti wò ó lórí fóònù pé 18 ni ìwọ̀n ooru òru ibẹ̀, tí ìta tiwa sì wà ní 2. Èmi gan-an ò mọ orúkọ igi kankan níbí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ wọn ní àsìkò ilé? Àbí kí n fi sílẹ̀, kí wọ́n mọ ti ibí nìkan?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, Òmù-Àrán ni ilé wa, Sheffield la sì ń gbé, tí kò jìnnà sí yín. Nítorí náà ohun tí mo bá ní mò ń rí níta báyìí, ẹ̀yin náà á rí i. Àwọn ọmọ tèmi fi díẹ̀ dàgbà ju tiyín lọ.

Ẹ má fi sílẹ̀ o. Ọmọ tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá ìyá àgbà rẹ̀ kò ní ní ọ̀rọ̀ kankan bá wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀ mà" lọ. Mo ti rí ilé púpọ̀ níbí tí ọ̀rọ̀ ti tán láàárín ọmọ àti ìyá àgbà, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ara wọn, wọn ò kàn ní nǹkan tí àwọn méjèèjì jọ ń wò ni. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má gbé orúkọ oṣù, Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé, Ẹrẹ́nà, fún wọn láti kọ́ sórí. Wọ́n á kà á tán, kò ní kan ohunkóhun tí ojú wọn rí. Igi kan ṣoṣo tí ọmọ ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin ọdún ló máa ń yé e. Ẹ̀yin sì ní ìbejì. Ẹ fún wọn ní igi méjì, ọ̀kan ní Leeds, ọ̀kan ní agboolé yín ní Ìlọrin. Kí Táyé máa ṣọ́ tibí, kí Kẹ́hìndé máa bi Ìyá Àgbà nípa tọ̀hún, kí wọ́n sì jọ máa sọ ọ́ fún ara wọn. Tó bá di ìdajì ọdún, kí wọ́n pààrọ̀.

Níbí, ẹ mú horse chestnut. Igi ńlá ni, ó pọ̀ ní páàkì àti lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, òun làwọn ọmọ ilé ìwé máa ń ṣa èso rẹ̀, conker, ní oṣù kẹsàn-án. Mi ò mọ igi tó rọrùn fún ọmọdé tó o. Ní báyìí tí oṣù kẹta ń parí lọ, ẹ jẹ́ kí Táyé fọwọ́ kan orí ẹ̀ka rẹ̀ níbi tí ewé fẹ́ ti yọ: ó wú, ó pọ́n, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó máa là, ewé á jáde, á kọ́kọ́ so rọ̀ wálẹ̀ bíi pé kò lágbára, kó tó wá tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ewé márùn-ún sí méje lórí ọ̀pá kan. Ní oṣù karùn-ún òdòdó funfun á nà ró ṣánṣán lórí rẹ̀. Lẹ́yìn conker, ewé á pọ́n, á wọ́ dànù, ẹ̀ka á wà ní ìhòòhò títí ọdún á fi yí padà. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí rẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ náà. Àwọn òdòdó funfun kéékèèké tó ń dorí kodò, snowdrop, ti ń tán lọ, daffodil ló kù tó ń tàn. Bí adágún omi kékeré bá wà ní páàkì yín, ẹyin àkèré á wà nínú rẹ̀ báyìí, á ṣù pọ̀, á máa yọ̀.

Ní Ìlọrin, máńgòrò ni kí ẹ mú, bí agboolé yín bá ní in, ó sì ṣòro kí agboolé Ìlọrin má ní tàbí kí aládùúgbò má ní. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ àti ti máńgòrò sì lọ pọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti 18 yẹn.

Nọ́ńbà orí fóònù kò sọ ohun tí ọyẹ́ jẹ́ fún àwọn ọmọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń gbé eruku bọ̀. Ètè ń là, gìgísẹ̀ ń ya, aṣọ tí a sá kì í pẹ́ gbẹ, gbogbo ilé ń wá òrí tí wọ́n á fi para. Ẹni tí oòrùn ọ̀sán ti yan, tí òru wá já ooru náà wálẹ̀ báyẹn lójijì, òtútù ń mú un lóòótọ́. Ẹ ní kí wọ́n bi Ìyá Àgbà lọ́dún tó ń bọ̀ pé, "Ṣé ẹ rí Òkè Sóbì lónìí?" Tí ọyẹ́ bá le, eruku á bo òkè náà mọ́lẹ̀, ẹni tó ń wò ó láti àárín ìlú á wò ó tì. Ọmọ tó bá mọ ìbéèrè yẹn kò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn kan sì wà tí ọyẹ́ ń ṣe lóore: ẹni tó ń sá iṣu fún èlùbọ́ kò ní àsìkò tó dára ju ìyẹn lọ.

Òru tútù ọyẹ́ yìí kan náà ló ń mú máńgòrò tanná. Láti ìparí ọdún wọ oṣù kejì, ẹ̀ẹ́ rí òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ṣù sórí ẹ̀ka, tí kòkòrò ń kùn yí ká. Bí òjò bá ṣèèṣì rọ̀ lákòókò yẹn, òdòdó lè bàjẹ́, èso á sì kéré lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ máńgòrò kéékèèké ń já bọ́, tí àwọn ọmọdé ń fi iyọ̀ jẹ ẹ́ níkíkan, títí tí yóò fi pọ́n ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára igi náà ni ewé titun rẹ̀. Kì í yọ ní àwọ̀ ewé. Ó ń yọ ní pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀, ó ń dán, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó di ewé tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ ní kí Ìyá Àgbà ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Táyé béèrè pé ṣé méjì péré ni. Ẹ sọ fún un pé nínú méjì yẹn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ló wà. Òjò àkọ́rọ̀ wà, ìdákẹ́ díẹ̀ wà ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò wà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó fìdí múlẹ̀, ọyẹ́ wà, ooru gbígbóná tó ń ṣáájú òjò wà. Ní ìhà tiwa ní gúúsù Kwara, ojú igi àti ojú ọjà la fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó irúgbá á so rọ̀ ní róbótó pupa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èso rẹ̀ ń gbó, tí àwọn ọmọdé ń lá ìyẹ̀fun pupa-rúsúrúsú inú rẹ̀ kí àwọn ìyá tó fi hóró rẹ̀ ṣe irú. Òwú àràbà á máa fò kiri. Wọ́n á fi iná sí igbó, àwòdì á máa rà bàbà lórí èéfín náà nítorí kòkòrò tó ń sá jáde. Lékeléke á pọ̀ nídìí màlúù, àwọn ọmọdé á máa na èékánná sí wọn kí wọ́n lè fún wọn ní funfun. Tí òjò bá wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gba òkè Ọya lọ. Èso igi òrí á máa já bọ́, àwọn obìnrin á jí lọ ṣà á ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Lọ́jà, lẹ́yìn àgbálùmọ̀ àti kajú, máńgòrò. Lẹ́yìn máńgòrò, ẹyin awó àti àgbàdo tútù. Lẹ́yìn àgbàdo, ẹ̀pà àti iṣu titun. Ọmọ tó bá mọ ohun tí Ìyá Àgbà rà lọ́jà lánàá ti mọ àsìkò.

Alẹ́ òjò àkọ́kọ́ ni n bá fẹ́ kí àwọn ìbejì yín rí pẹ̀lú ojú wọn. Èsúnsún á tú jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n á bo gílóòbù iná, ìyẹ́ wọn á kún ẹnu ọ̀nà. Ọpọ́n omi ni à ń gbé sábẹ́ iná kí wọ́n lè já sí i, a ó dín wọn pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ á máa rùn òórùn òjò, kọ̀ǹkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé omi wà tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí àmì ibí àti tọ̀hún kò fi jọra kò le láti ṣàlàyé fún wọn. Ní Leeds, ojú ọjọ́ oṣù kejìlá kò ju nǹkan bíi wákàtí méje àbọ̀ lọ, ti oṣù kẹfà sì ń lọ sí mẹ́tàdínlógún. Ìmọ́lẹ̀ àti òtútù ni igi ibí ń tẹ̀ lé. Ní Ìlọrin, láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan. Omi ni igi ọ̀hún ń tẹ̀ lé. Horse chestnut ń wọ́wé nítorí òtútù tó ń bọ̀, igi òṣè ń wọ́wé nítorí ọ̀gbẹlẹ̀.

Ààwẹ̀ Kẹ́hìndé kì í ṣe àsìkò, àmọ́ ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Òṣùpá ni ààwẹ̀ ń tẹ̀ lé, ó ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún, nǹkan bí ọdún 33 ló fi ń yí gbogbo àsìkò po. Ní 2015, oṣù kẹfà ló bẹ̀rẹ̀, láàárín òjò. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ooru ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi Ìyá Àgbà pé ààwẹ̀ èwo ni òùngbẹ pọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti gbà.

Ẹ tún ṣọ́ alápàndẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹrin. Àwọn tó ń pamọ ní England máa ń lo ìgbà òtútù ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì ń la Sàhárà kọjá kí wọ́n tó dé. Àwọn alápàndẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kan tiẹ̀ ń sùn lọ́pọ̀ yanturu ní ìlú Bóje ní ìpínlẹ̀ Cross River tiwa. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ jù.

Bí ẹ bá ní ààyè, kódà ìkòkò kan létí fèrèsé, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú pẹ̀lú wọn. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn oṣù kẹrin tàn yín gbé e síta; ìrì dídì lè wá títí di àárín oṣù karùn-ún, òru kan ṣoṣo ló sì máa fi pa á. Ewédú ní tirẹ̀ nílò ooru, inú ilé ló ti ń ṣe dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ ilé kì í gba òjò àkọ́kọ́ gbọ́. Òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹta kó sì dá, kí irúgbìn jóná mọ́lẹ̀.

Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ìpè yìí, kó má pẹ́ jù, kó má bàa sú Ìyá Àgbà. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta tí wọ́n bá ti sún aago síwájú níbí, aago Leeds àti ti Ìlọrin á di ọ̀kan náà títí di ìparí oṣù kẹwàá, ìyẹn á jẹ́ kó rọrùn láti pè wọ́n kó tó di ìrun Ìṣáì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Kẹ́hìndé lè bi wọ́n lọ́sẹ̀ yìí: òjò tó rọ̀ yẹn, ṣé ó wọlẹ̀ tó láti gbin àgbàdo, àbí eruku nìkan ló pa?