Ọmọ tí kò ríran wọ yunifásítì: ibi tí owó wà

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ béèrè bóyá sìkọ́láṣíìpù wà fún ọmọbìnrin yín tí kò ríran, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yunifásítì ìjọba wọ̀, ẹ kú oríire o. Ó wà. Èmi náà kò ríran, irú owó bẹ́ẹ̀ ni mo sì fi jáde. Ṣùgbọ́n kò ní í tètè dé ní ọdún àkọ́kọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti MTN Foundation, tó ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún àwa tí a kò ríran. Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní CGPA, ìyẹn ìṣirò àpapọ̀ èsì rẹ̀, tó jẹ́ 3.5; ti wa jẹ́ 2.5. Wọn kì í fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí èsì ìdánwò ni wọ́n ń wò, bí èsì bá sì já wálẹ̀ lẹ́yìn náà, owó lè dúró. Nítorí náà, èsì ọdún àkọ́kọ́ ọmọ yín ni sìkọ́láṣíìpù rẹ̀. Ohun tó sì ń ba èsì yẹn jẹ́ fún afọ́jú kì í ṣe àìmọ̀wé. Ìwé tí àwọn yòókù ti ń kà láti ọ̀sẹ̀ kejì ni kì í tẹ̀ wá lọ́wọ́ títí ìdánwò á fi kù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, owó yòówù tí ẹ bá rí kó jọ nísinsìnyí, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sórí owó ilé-ìwé. Ẹ yọ ti ẹni tí yóò máa ka ìwé sí i létí, ti fóònù tó lè gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ dáadáa, àti ti kọ̀ǹpútà tó lè gbé NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún wa. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 ti sọ ẹ̀kọ́ akàndá ẹ̀dá di ọ̀fẹ́. Girama ni ọ̀fẹ́ yẹn parí sí. Síbẹ̀, òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni má fi àbùkù ara dí ẹ̀kọ́ ẹni lọ́wọ́. Nígbà tí olùkọ́ kan kọ̀ kí n gba ohùn òun sílẹ̀, lẹ́tà tí mo kọ sí olórí ẹ̀ka wa, tí mo tọ́ka sí òfin yìí nínú rẹ̀, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Nípa ìwé ẹ̀rí: lẹ́tà dókítà tó kàn sọ pé “ojú rẹ̀ kò dára tó” kò ní í gbé e débì kankan. Wọ́n dá irú rẹ̀ padà fún mi rí, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ lọ. Kí dókítà kọ ohun tó fọ́ ojú náà, kó kọ ọ́ pé kò lè là mọ́, kó fọwọ́ sí i, kó sì lù ú ní òǹtẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ JEOG, ẹgbẹ́ tí JAMB dá sílẹ̀ ní 2017 fún wa, ló ti kọ ìdánwò, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ibẹ̀. Ẹ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín náà, nítorí owó ìrànwọ́ ti ìpínlẹ̀.

NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ńkọ́? Gbèsè ni o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún yunifásítì, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ní ₦20,000 lóṣù. Ní tèmi, kó gba ti owó ilé-ìwé nìkan, kí tiyín lè lọ sórí ìwé kíkà.

Kí ọmọ yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù sìkọ́láṣíìpù, kí ẹni tó ríran wá wo fọ́tò tó fẹ́ fi ránṣẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín gba sìkọ́láṣíìpù, olè ni.

Ẹni tí yóò máa kàwé sí i, ẹ máa san owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí a kì í san nǹkan fún náà ní ìdánwò tirẹ̀ láti kà fún.