Àmì dúdú tó wà lára páálí géèmù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní kí n bá òun ra géèmù kan. Nígbà tí mo wo páálí rẹ̀, àmì dúdú ni mo rí, wọ́n kọ R18+ sínú rẹ̀, ìyẹn ni pé ti ẹni ọdún 18 sókè ni. Mo ní n kò rà. Ó ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun ló ń gbá a. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìjọba Ọsirélíà mọ̀ pé nǹkan yìí kò dára fún ọmọ, síbẹ̀ àmì lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń jẹ́ kí wọ́n tà á. Kí ló dé tí wọn kò kúkú fòfin dè é? (Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Melbourne)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà. Bí ẹ ṣe kọ̀ tí ẹ ò rà á yẹn, ẹ ṣe é re, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí yín lọ́kàn padà. Ìbéèrè yín ló pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé ohun tí ẹ ń béèrè fún, wọ́n ti ṣe é rí níbí. Ìṣojú mi ni. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta géèmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ní Adelaide.

Títí di òpin ọdún 2012, kò sí R18+ fún géèmù. Fíìmù ní tirẹ̀, géèmù kò ní. MA15+, ti ẹni ọdún 15 sókè, ló ga jù. Èyí tó bá le ju ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún 15 rí, Classification Board, ìgbìmọ̀ tó ń fún fíìmù àti géèmù ní àmì ọjọ́ orí, kì í fún un ní ọjọ́ orí kankan: RC (Refused Classification, ìyẹn ni pé wọ́n kọ̀ láti fún un ní àmì) ni wọ́n ń kọ sí i, ẹni tó bá tà á tàbí tó polówó rẹ̀ ti rú òfin nìyẹn. Ẹni ogójì ọdún tó ní ìyàwó nílé kò lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wá wo ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Lọ́dún 2008, wọ́n fún Fallout 3 ní RC, torí pé ẹni tó ń gbá a lè lo mọfíìnì kó má baà mọ ìrora. Àwọn tó ṣe é yí orúkọ oògùn náà sí Med-X, gbogbo ayé ni wọ́n sì yí i fún. Ó gba MA15+. Orúkọ oògùn ló yí padà o, orí èèyàn tí ọta ìbọn ń fọ́ yángá ṣì wà níbẹ̀. Géèmù tí wọ́n kọ 18 sí lára ní Yúróòpù, ọmọ ọdún 15 ń rà á lọ́wọ́ mi, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró.

Left 4 Dead 2 ti ọdún 2009 ni n kò lè gbàgbé. Ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, àwọn tó ṣe é wá gé e kù kó lè bá MA15+ mu. Mo gbá a lálẹ́ ọjọ́ tó dé. O yìnbọn fún òkú tó ń rìn, bó ṣe ń ṣubú lọ báyìí, ó ti pòórá. Kò sí òkú nílẹ̀, kò sí apá tó já. Èèyàn á yìnbọn títí ọwọ́ á fi ro ó, ilẹ̀ á mọ́ tónítóní. Oníbàárà kan dá tirẹ̀ padà, ó ní ó bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́, ìjọba ló bá a gbálẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí R18+ pẹ́ kó tó dé orí géèmù ni pé gbogbo mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀, gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Michael Atkinson, Agbẹjọ́rò Àgbà South Australia, kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ tiyín, mà: ẹ̀rù ń bà á pé géèmù àgbà á dé ọwọ́ ọmọdé nínú ilé. N kò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2010. Nígbà tí ìjọba béèrè èrò aráàlú, èsì tó wọlé lé ní 58,000, nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì fẹ́ R18+ (ká má parọ́, àwa tó ń gbá géèmù la pọ̀ jù nínú wọn). Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013 ni àmì dúdú yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

RC kò sì kásẹ̀ nílẹ̀. Saints Row IV gbà á lọ́dún 2013 yẹn náà. Disco Elysium: The Final Cut gbà á ní oṣù kẹta ọdún 2021, kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, tí wọ́n fún un ní R18+.

Tẹ́tẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí. Láti ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, géèmù tuntun tó bá ní tẹ́tẹ́ bíi ti kasínò nínú gbọ́dọ̀ gba R18+. Èyí tó ń fi owó gidi ta àpótí tí ẹni tó rà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó kéré tán, M ni, àmì tó ní ó yẹ ẹni ọdún 15 sókè. Ìmọ̀ràn lásán sì ni M, kò de ẹnikẹ́ni lọ́nà. Èyí tí wọ́n ti fún ní àmì ṣáájú ọjọ́ náà wà lórí àmì rẹ̀ àtijọ́. Ṣé nọ́ńbà káàdì báǹkì yín wà lórí ẹ̀rọ ọmọ náà? Ká ní èmi ni yín, mà, lálẹ́ òní ni mo máa yọ ọ́ kúrò.