Èsì: Táyélolú tí ó ṣẹ́kù nínú ìtàn yín

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè kọ ìbànújẹ́ Táyélolú, ọmọ ọdún 15 ará Kétu tí Kẹ́hìndé rẹ̀ kú, tí ẹkún nìkan kò fi ní kún ìwé náà. Ẹ gbé e lé ère ìbejì. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá a máa wẹ ère rẹ̀, a fi osùn pa á lára, a sì gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, títí ojú ère náà yóò fi dán bọ̀rọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí jókòó tì í, kí ó máa ṣiyè méjì bóyá òun ni wọ́n ń pè tàbí èkejì òun. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ mùsùlùmí tí kò fẹ́ ère nínú ilé, ìyẹn yóò tún fún ìtàn náà lágbára.