Ẹ Bi Ẹnjiníà: Setpoint Tó Ń Di Òdo Lóru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ wàrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà, èmi ni mò ń bójú tó pasteuriser, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò inú wàrà, lóru. Bí mo bá ti kúrò lórí recipe (ètò nọ́ńbà tó ti wà nínú ẹ̀rọ) bọ́ sórí setpoint àfọwọ́tẹ̀ (ìwọ̀n ooru tí a fi ọwọ́ tẹ̀ pé kí ẹ̀rọ dé), nọ́ńbà àtijọ́ kan ló máa ń gbé wá, fáàfù stíìmù á sì fò. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, òdo ni mo máa ń bá níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkejì mi tẹ 725 dípò 72.5, torí bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ kejì nìyẹn. Pasteuriser sì gbà á! Kí ni ká ṣe? — Òṣìṣẹ́ alẹ́, Ọ̀tà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ má bá ẹnìkejì rẹ wí. Ẹ̀rọ tó gba 725 fún wàrà kò ní ààlà, ẹni tó ṣètò rẹ̀ ló yẹ kó wá tún un ṣe.

Ó jọ pé lórí ẹ̀rọ kejì yín, odidi nọ́ńbà ni PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ń tọ́jú, sikiríìnì ló ń bá a fi póíǹtì sí i. Lórí pasteuriser, ohun tí èèyàn bá tẹ̀ gan-an ló ń lò. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa gba póíǹtì bákan náà, kí °C sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ààlà sí i. Ó kéré tán, wàrà tó ń ṣàn gbọ́dọ̀ wà ní 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Bó bá gbóná jù, á máa jó mọ́ ara ẹ̀rọ, ìtọ́wò rẹ̀ á sì yí padà. Bó bá jẹ́ tèmi ni, 73 sí 78 ni màá fi sí, àmọ́ àwọn tó ń yẹ ọjà wò nílé iṣẹ́ yín ló ni ìpinnu yẹn. Inú PLC ni kí ààlà náà wà, kó má jẹ́ ojú sikiríìnì nìkan, nítorí recipe àti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà ń kọ nọ́ńbà ránṣẹ́, wọn kì í sì í gba ojú sikiríìnì tìrẹ kọjá.

Ní ti fáàfù tó ń fò, ibi méjì ni setpoint wà: ti recipe àti ti ọwọ́. Ká ní recipe ń ṣiṣẹ́ ní 75, ti ọwọ́ ṣì jókòó sórí 68 tí ẹnì kan tẹ̀ síbẹ̀ nígbà kan rí. Bí o bá ti yí i padà báyìí, stíìmù á sé, ooru á wálẹ̀, fáàfù ìdápadà á sì dá wàrà padà sí táǹkì. Kí ẹ ṣètò rẹ̀ kí ti ọwọ́ máa da nọ́ńbà recipe kọ ní gbogbo ìgbà tí recipe bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí o bá gbà á sọ́wọ́, 75 náà lo máa bá.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èkejì rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń jẹ́ kí setpoint máa tẹ̀ lé ooru tí sẹ́nsọ̀ ń kà, bí o bá ń fi ọwọ́ ṣí fáàfù fúnra rẹ. Lórí táǹkì omi, kò burú. Lórí pasteuriser, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ká ní stíìmù dín, ooru já sí 60, o wá dá ẹ̀rọ padà sí àdáṣe: bí ààlà kò bá dá a dúró, 60 di setpoint nìyẹn. Alámù tó ń wo ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ní dún, torí kò sí ìyàtọ̀. Fáàfù ìdápadà nìkan ló kù tó lè gbà yín. Ẹ pa ètò yẹn. 72 tí fáàfù ìdápadà fi ń ṣiṣẹ́ náà, kó má sí níbi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kankan lè dé.

Òdo yẹn, ìrántí PLC ni: wọn kò sàmì sí setpoint náà pé kó má pa rẹ́ bí iná bá lọ. Ẹ ṣe é. Kí PLC sì yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń jí. Bí nọ́ńbà náà bá ti ta ààlà yọ, kó fi 75 sí i, kó sì dúró de ẹni tó máa fọwọ́ sí i.

Omi ni kẹ́ ẹ fi dán gbogbo rẹ̀ wò, kó má jẹ́ wàrà. Tẹ 725, tẹ 60, yí i láti recipe sí ọwọ́, pa iná rẹ̀ kí o sì tàn án padà. Bí fáàfù bá ṣì fò lẹ́yìn ìyẹn, kọ gain àti integral tó wà lórí rẹ̀ (àwọn nọ́ńbà tó ń pinnu bí fáàfù ṣe ń tètè dáhùn sí ooru) ránṣẹ́ sí mi.