Fáìlì 40, ṣé màá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ṣe project, cyclic voltammetry ni (à ń gbé fólítéèjì lọ sókè, à ń gbé e padà wálẹ̀, a sì ń wọn current, ìyẹn iná tó ń kọjá nínú omi kẹ́míkà), fáìlì 40 ni mo kó bọ̀ láti láàbù, Excel ni mo fi ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ń ro mí. Ṣé ọ̀nà míì wà?

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, ó wà. Kó gbogbo ẹ̀ sínú fódà kan, kọ script Python kékeré (ìtọ́ni tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀lé) tó máa kà wọ́n, tó máa yọ baseline (current tó wà nílẹ̀ tí kì í ṣe ti electron tó ò ń wá), tó máa wá ibi tí current ti ga jù nígbà tí fólítéèjì ń gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀ jù nígbà tó ń bọ̀, ìlà kan péré lo máa tẹ̀ sí tẹ́mínà (ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), tí iná bá lọ, tún un tẹ̀, èsì kan náà ni.

Tó bá jẹ́ electron kan ló ń lọ tó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àlàfo fólítéèjì tó wà láàárín ibi méjèèjì yẹn á tó nǹkan bíi 59 mV ní 25°C. Tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, yẹ resistance omi kẹ́míkà ẹ (bó ṣe ń dí current lọ́wọ́) wò kó o tó dá script lẹ́bi.

Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan ojúlówó fáìlì yẹn rárá o, kọ́pì ni kó o fi ṣiṣẹ́.