Kí ni ọkọ̀ yóò rí kó padà?

Ẹ̀yin tí ẹ ní títì márosẹ̀ ń bọ̀ ní agbègbè yín, tí ẹ ń béèrè bóyá ọjà yóò tibẹ̀ gbòòrò, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ọkọ̀ tó bá já ẹrù tán, kí ni yóò rí kó padà? Iṣẹ́ kíkó ẹrù ni mo ń ṣe jẹun láti ìgbà èwe mi. Mo ti rí ìlú tí títì sọ di ńlá, mo sì ti rí èyí tí títì gba àárín rẹ̀ kọjá lásán.

Bí tírélà bá máa padà lófìfo, ẹ̀yin lẹ máa sanwó àlọ, ẹ̀yin náà lẹ máa sanwó àbọ̀. Awakọ̀ ò ní là á mọ́lẹ̀ fún yín. Iye kan ló máa pè, kò sì ní dín in. Mo ti jókòó tì wọ́n ní gáréèjì níbi tí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀: epo àlọ, epo àbọ̀, táyà, owó ọmọ ọkọ̀, oúnjẹ ọjọ́ tí wọ́n á fi dúró de ẹrù. Ìdúró yẹn gan-an ló ń jẹ èrè run, títì ọ̀dà kò sì lè mú un kúrò bí kò bá sí ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀.

Ẹ wo ipa odò Erie tí wọ́n gbẹ́ ní ìpínlẹ̀ New York, máìlì 363 láti Albany dé Buffalo, tí wọ́n ṣí ní 1825. Owó gbígbé tọ́ọ̀nù ẹrù kan láti Buffalo dé ìlú New York já wálẹ̀ láti nǹkan bíi dọ́là 100 sí nǹkan bíi dọ́là 10. Ọkà àti pákó ń bọ̀. Aṣọ, irinṣẹ́ àti àwọn tó fẹ́ lọ tẹ̀dó ń lọ. Àlọ àtàbọ̀ ló lẹ́rù. Buffalo ló jèrè jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ọkà láti inú ọkọ̀ ńlá orí adágún Erie sínú ọkọ̀ kékeré tó ń gba ipa odò náà. Ẹ̀yìn ni àwọn alábàárù fi ń pọ̀n ọn títí Joseph Dart fi gbé ẹ̀rọ afooruṣiṣẹ́ tó ń fa ọkà sókè kalẹ̀ ní 1842. Ìgbà tí ọ̀nà omi Saint Lawrence ṣí ní 1959, tí ọkọ̀ ńlá lè ti adágún bọ́ sí òkun tààrà, kò sí ohun tó ń dá wọn dúró ní Buffalo mọ́.

Ọ̀nà kan náà tó gbé ọkà wá ló gba ọjà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ọlọ́kà New England, agbègbè kan ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹ má fi ojú kéré apá yìí, torí ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo rí irú rẹ̀. Wọ́n ṣe afárá sí ìlú kan tí mo máa ń kó ẹrù lọ, inú gbogbo wa sì dùn. Kò pẹ́ tí àga ilé iṣẹ́ ńlá fi kún ọjà, tí àwọn káfíńtà ibẹ̀ ò rí ẹni ra tiwọn mọ́. Àwọn tó rọ́gbọ́n dá ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ tó ń padà kó pákó tí wọ́n ti là ránṣẹ́ síta. Awakọ̀ á gbà á lówó pọ́ọ́kú, torí ó sàn ju kó lọ lófìfo.

Ti kọ̀nténà náà ò yàtọ̀. Ní 1956, Malcom McLean, oníṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù ará Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ ojú omi Ideal X kó àpótí irin 58 láti Newark lọ sí Houston. Owó kíkó tọ́ọ̀nù kan sínú ọkọ̀, tó ń lọ sí dọ́là 6 tẹ́lẹ̀, di nǹkan bíi sẹ́ǹtì 16. Felixstowe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó láyè fún kọ̀nténà, di èbúté ńlá. Nígbà tó fi máa di 1981, àwọn èbúté àtijọ́ inú ìlú London ti kógbá wọlé.

Nítorí náà, kí títì yẹn tó parí, ẹ kó gbogbo ẹni tó ń ṣe nǹkan tó ṣe é tà ládùúgbò yín jọ. Ẹ kọ iye ẹrù tí ẹ jọ lè kó jáde lọ́sẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá ilẹ̀ tí tírélà lè yí sí lẹ́bàá oríta, kí ẹ sì mú ìwé náà tọ àwọn ọlọ́kọ̀ lọ.